Bí mo ṣe jó wíìlìṣíà básíkẹ́tì fún àbúrò mi

Wẹ́dà ni mí. Géètì àti bọ́gílárì ni mò ń jó ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìgbọ̀nà, ní Òṣogbo, n kò jó wíìlìṣíà rí. Àbúrò mi obìnrin ló kó mi sí i. Rọpárọsẹ̀ ló mú un ní kékeré, ó sì ti pẹ́ tó ti ń gbá básíkẹ́tì orí wíìlìṣíà. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń lò nílé ìwòsàn ni wọ́n ta á lọ́rẹ, òun náà ló sì fi ń gbá bọ́ọ̀lù.

Lọ́dún 2024, a jọ wo àwọn obìnrin Netherlands lórí fóònù rẹ̀ nígbà tí wọ́n na Amẹ́ríkà, tí wọ́n gba mẹ́dàlì góòlù básíkẹ́tì orí wíìlìṣíà ní Paralympics Paris. Òun ń pariwo orúkọ Mariska Beijer, agbábọ́ọ̀lù wọn kan, èmi ń wo táyà. Táyà wọn kò dúró ṣánṣán. Òkè rẹ̀ sún mọ́ra, ìsàlẹ̀ yà síta, bí ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ gbé àpò sìmẹ́ǹtì.

"Bọ̀dá mi, ẹ lè jó irú ẹ̀." Kì í ṣe ìbéèrè o.

Bí táyà ṣe dà yẹn, àga kì í tètè ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó máa ń yí kíá, bí méjì bá sì kọlu ara wọn, ìsàlẹ̀ táyà ló ń kanra, ọwọ́ kì í há sáàárín. Dígírì 15 sí 20 ni wọ́n sábà máa ń dà á. Mo yá math set ọmọ mi, mo wọn 18 sórí páálí, mo gé páálí náà, òun ni mo fi ṣe òdiwọ̀n nígbà tí mo ń jó páìpù tí ọ̀pá táyà ń wọ̀.

Mo jó o tán, mo tì í, ó ń wọ́ra bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà iléyá. Mo dá bẹ́rìn inú táyà lẹ́bi, mo ra tuntun, owó gbé. Ọjọ́ kejì ni mo tó na okùn láti iwájú táyà kan sí iwájú èkejì, níbi tó ga dọ́gba pẹ̀lú àárín táyà: sẹ̀ntímítà 71. Mo wọn ẹ̀yìn: 69. Táyà méjèèjì ń wá ọ̀nà tiwọn lọ ni! Páìpù ti yí díẹ̀ nígbà tí mò ń fi ojú wò ó jó. Mo gé e, mo yí i títí iwájú àti ẹ̀yìn fi di 70, mo kàn án níbi mẹ́rin péré, mo tún wọ̀n ọ́n kí n tó jó o yíká, torí iná máa ń fa irin.

Ìjókòó náà tún nìyẹn. Mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ bíi bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì. Bí àbúrò mi ṣe di táyà mú láti dá àga dúró báyìí, ó dojú bolẹ̀, torí ìbàdí rẹ̀ kò lágbára. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n rẹ ẹ̀yìn ìjókòó sílẹ̀ kí orúnkún òun ga, kí n sì fi bẹ́lítì sí i. Àwọn tí ìbàdí wọn kò lágbára báyìí kì í ṣe ẹni ẹ̀yìn nínú ẹgbẹ́ o. Máàkì 1.0 títí dé 4.5 ni wọ́n ń fún agbábọ́ọ̀lù, bí agbára ara bá ṣe tó. Àwọn márùn-ún tó bá wà lórí pápá kò gbọdọ̀ ju 14 lọ lápapọ̀, nítorí náà ẹni tí máàkì rẹ̀ kéré ló ń fàyè gba àwọn alágbára.

A gbé àga náà lọ sórí kọnkéré kan lápá Ògo-Olúwa. Tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ ẹ, o ò gbọdọ̀ ti táyà ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ kí o tó lù ú mọ́lẹ̀ tàbí kí o jù ú fún ẹlòmíì. Lórí àga ti tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì yẹn kì í gbé e débì kan. Lọ́jọ́ yẹn, ó tì í ẹ̀ẹ̀mejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá mi. Bọ́ọ̀lù tó jù kò wọlé ṣá. Mítà 3.05 náà ni àwọ̀n wà, wọn kì í rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ torí ẹni tó jókòó.

A délé, àga ò gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Èmi tí mo jó géètì fún ìdajì àdúgbò, n kò rántí wọn ilẹ̀kùn ilé bàbá mi. Ṣọ́ọ̀bù ló ń sùn báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì oníbàárà kan tí kò tíì wá san owó rẹ̀.