Bí a ṣe ń pààrọ̀ rọ́bà họ́ọ̀bù nínú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀kadà

Máṣíìnì mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbàù lẹ́yìn. Bí mo bá dẹ ọwọ́ iná kí n lè gba kòtò kọjá, gbàù. Bí mo bá tún fà á, gbàù. Mẹkáníìkì tí mo gbé e lọ bá wò ó fìrí, ó ní ṣéènì ló ti gbó. Mo lọ sí Gate n'Ìbàdàn, mo ra ṣéènì tuntun pẹ̀lú sípírọ́kẹ́ẹ̀tì (irin eléyín tí ṣéènì ń gbá mú) iwájú àti ti ẹ̀yìn, a dè é, mo sanwó iṣẹ́. Kí n tó délé, ariwo náà ti tún jókòó tì mí bí ológò. Rọ́bà kékeré mẹ́rin tó wà nínú họ́ọ̀bù, ìyẹn irin àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ló ti jẹ tán. Owó ṣéènì yẹn ìbá ra rọ́bà fún èmi àti aládùúgbò mi méjì.

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kì í gba agbára tààrà lọ́wọ́ ṣéènì. Sípírọ́kẹ́ẹ̀tì wà lára ọmọrí kan, ọmọrí yìí sì ní àwọn ìyẹ́ irin tó wọ inú họ́ọ̀bù. Àárín ìyẹ́ yẹn àti ògiri inú họ́ọ̀bù ni rọ́bà ń gbé, kí irin má baà kan irin. Ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà wa, iná máa ń bú nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí kúráǹkì (ọ̀pá tó ń yí nínú rẹ̀) bá yí lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà fífà rẹ̀ kì í lọ geere: á fà, á dẹ̀, á tún fà. Iṣẹ́ tí òṣùká ń ṣe láàárín orí àti ẹrù ni rọ́bà yìí ń ṣe láàárín ṣéènì àti ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé èrò mẹ́ta, tàbí àpò sìmẹ́ńtì méjì, tó sì ń já kilọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lójijì, òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ òṣùká náà kúnná. Òjò, oòrùn àti ọjọ́ orí náà máa ń mú un le, á sì máa já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Bí gíríìsì tàbí ọ́ìlì bá ráyè wọ inú họ́ọ̀bù, rọ́bà á wú, á sì rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ dán an wò

Ẹ má tíì tú nǹkan kan. Ẹ fi dọ́bù sítáǹdì gbé máṣíìnì dúró, ẹ pa á, ẹ fi sí jíà kìíní. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣéènì, ẹ di taya mú, ẹ máa tì í síwájú, kí ẹ fà á sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀. Ojú sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí ojú yín wà, kì í ṣe taya. Bí taya àti sípírọ́kẹ́ẹ̀tì bá jọ ń mì pa pọ̀, ṣéènì ló dẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá ti yí díẹ̀ kí sípírọ́kẹ́ẹ̀tì tó mọ̀ pé wọ́n ń fa òun, tí ẹ sì gbọ́ kò-kò-kò láti inú họ́ọ̀bù, rọ́bà ti lọ nìyẹn. Rọ́bà tó dára náà máa ń fún yín láyè bíńtín, àmọ́ yóò máa ta padà; kì í kàn gbà bẹ́ẹ̀.

Bí sípírọ́kẹ́ẹ̀tì bá ń mì sọ́tùn-ún sósì, bẹ́rìn inú ọmọrí ni kí ẹ fura sí.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó ń gun máṣíìnì ìran Honda CG125, èyí tó jáde ní 1976 tí àwọn ará Ṣáínà sì ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lóríṣiríṣi: ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ọmọrí. Bóòtù sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń wọ inú bọ́ṣì rọ́bà mẹ́rin tí wọ́n ki mọ́ họ́ọ̀bù, àfi kí ẹ ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fà á yọ. Ẹ gbé ìyẹn fún mẹkáníìkì. Irú ti Bajaj Boxer tó ní ọmọrí ni mò ń sọ níbí.

Títú u

Ẹ wá sípánà tó bá nọ́ọ̀tì yín mu, pílàyà, òòlù tí a fi rọ́bà tàbí igi ṣe, àkísà, ọṣẹ àti omi. Ẹ tẹ́ páálí sílẹ̀, kí ẹ máa to ohun tí ẹ bá tú sórí rẹ̀ bó ṣe ń jáde. Èmi máa ń fi fóònù ya apá kọ̀ọ̀kan kí n tó fọwọ́ kàn án. Ó ti gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú.

Ọ̀dọ̀ ọ̀pá bíréèkì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tú nọ́ọ̀tì orí rẹ̀, ẹ fa ọ̀pá náà yọ, kí ẹ sì dá sípíríǹgì àti pínnì kékeré rẹ̀ padà sórí ọ̀pá kí wọ́n má baà sọnù. Ẹ tú irin tó di àwo bíréèkì mú mọ́ ara máṣíìnì náà. Ẹ wo àmì tí ohun tó ń fa ṣéènì le wà lé lórí lápá méjèèjì, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó kan nọ́ọ̀tì irin gbọọrọ tó gba àárín ẹsẹ̀ kọjá. Àwọn máṣíìnì kan ní nọ́ọ̀tì ńlá kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣéènì tó di ọmọrí mú. Bí tiyín bá ní in, ẹ fi sílẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan ló máa jáde, ṣéènì àti sípírọ́kẹ́ẹ̀tì á dúró sí àyè wọn. Bí kò bá ní, ẹ dẹ ṣéènì, ẹ ti ẹsẹ̀ síwájú, ẹ bọ́ ṣéènì kúrò lórí sípírọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ ṣe ń fa irin gbọọrọ náà yọ, ẹ fi ọwọ́ kejì gbé taya. Bọ́ṣì irin róbótó kan máa já bọ́. Ẹ rántí apá tó ti wá.

Bí ọmọrí bá bá ẹsẹ̀ jáde, ẹ dá ẹsẹ̀ dùbúlẹ̀, ẹ máa mi ọmọrí sọ́tùn-ún sósì bí ẹ ṣe ń fà á sókè. Bí ó bá lẹ̀, ẹ fi òòlù onígi gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká. Ẹ má fi nǹkan ẹnu ṣóńṣó kì í lábẹ́, ẹ lè ba bẹ́rìn jẹ́.

Rọ́bà àtijọ́ àti èyí tí ẹ máa rà

Ẹ wo bí rọ́bà ṣe jókòó kí ẹ tó yọ ọ́. Àwọn kan dá dúró ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àwọn kan so méjì-méjì pọ̀, wọ́n sì ní apá tó nípọn ju èkejì lọ. Tèmi ti di pẹlẹbẹ níbi tí ìyẹ́ irin ti ń tì í nígbà tí máṣíìnì bá ń sáré, àtàǹpàkò mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ àlàfo tó ṣẹ́kù. Ẹ gbọn eruku dúdú inú họ́ọ̀bù dànù, kí ẹ fi àkísà tútù nù ún. Ti apá bíréèkì, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, kò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ wá wo ògiri inú họ́ọ̀bù àti ìyẹ́ ọmọrí bóyá wọ́n ti là; bí wọ́n bá ti là, rọ́bà tuntun kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ mú rọ́bà àtijọ́ lọ́wọ́ lọ sọ́jà. Ọlọ́jà á bi yín pé, "Boxer 100 ni àbí 150?" Ẹ má gba ti ẹnu nìkan gbọ́, ẹ kó àtijọ́ àti tuntun pọ̀, kí ẹ wọ̀n wọ́n. Ẹ fi èékánná tẹ tuntun náà: ó yẹ kó le, kó sì ta padà. Èyí tó bá ń là bí ẹ ṣe ń ká a, ẹ dá a padà fún un.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń gé túúbù àtijọ́ sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n á ki í sí àlàfo náà. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú bá yín lọ́nà oko, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ délé. Ṣùgbọ́n túúbù máa ń yọ́ kúrò níbi tí wọ́n fi sí, ariwo á sì padà.

Fífi tuntun sí i

Rọ́bà tuntun gbọ́dọ̀ há. Bí ó bá wọlé bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà tó tóbi jù, kì í ṣe tiyín. Ẹ fi omi ọṣẹ díẹ̀ pa á lára, ẹ tò wọ́n sínú ihò wọn, kí ẹ wá gbé ọmọrí lé e lórí, kí àwọn ìyẹ́ kọjú sí àlàfo. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Èmi a máa fi orúnkún ràn án lọ́wọ́. Ẹ má fi gíríìsì ṣe é, ẹ má sì fi bíléèdì gé rọ́bà kó lè wọlé.

Ẹ dá bọ́ṣì padà sí àyè rẹ̀, ẹ gbé àwo bíréèkì sí i, ẹ gbé ẹsẹ̀ wọlé, ẹ gbé ṣéènì lé e, ẹ ti irin gbọọrọ náà kọjá. Ẹ fa ṣéènì le kí àmì ọ̀tún àti òsì bára mu. Láàárín rẹ̀ nísàlẹ̀, ó yẹ kó gòkè sọ̀kalẹ̀ ní nǹkan bí 20 sí 30 mm. Bí ìwé máṣíìnì yín bá sọ iye mìíràn, tìwé ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ wá dè nọ́ọ̀tì náà le dáadáa. Irin tó di àwo bíréèkì mú, ẹ má gbàgbé rẹ̀ láéláé: bí kò bá sí níbẹ̀, àwo náà lè yí tẹ̀lé ẹsẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ á sì há. Ẹ fi pínnì tuntun sí nọ́ọ̀tì rẹ̀, kí ẹ so ọ̀pá bíréèkì padà, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ wò bóyá ó ń yí wẹ́rẹ́.

Ẹ gùn ún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nínú àdúgbò, ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta kí ẹ tó jáde sí títì. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́rin, ẹ tún wo ṣéènì àti nọ́ọ̀tì náà. Bí gbàù náà bá ṣì ń dún, ẹ padà sí ọ̀dọ̀ bẹ́rìn inú ọmọrí.