Ẹ má da àwọn ọmọ nù: bí a ṣe ń to ostracod ní ìpele ìdàgbà wọn

Ajọ̀ èlùbọ́ màmá mi ló kọ́kọ́ kó bá mi. Mo gbé àpò amọ̀ tí mo bù nítòsí Onígbòlò dé ilé wa ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, mo rẹ ẹ́, mo sì fi ajọ̀ náà sẹ́ ẹ. Èyí tó ṣẹ́kù lókè ni mo tọ́jú. Èyí tó jò, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo dà á sí. Gbogbo ìkarahun ọmọ ostracod àtijọ́ tó wà nínú àpò yẹn ló bá omi lọ. Ti ostracod kọ́ ló ń dun màmá mi o, ajọ̀ rẹ̀ ni.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: ìbátan edé àti akàn ni ostracod, ọ̀pọ̀ wọn ò ju hóró iyanrìn lọ, àárín awẹ́ méjì tó so pọ̀ lẹ́yìn bí awẹ́ ẹ̀wà ni wọ́n ń gbé. Bó bá fẹ́ tóbi, á bọ́ ìkarahun sílẹ̀, á ṣe tuntun. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà inú òkun ń bọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹjọ kí wọ́n tó dàgbà tán, lẹ́yìn ìyẹn ó parí. Ẹ ṣírò ọ: ẹyọ kan lè fi awẹ́ 18 sílẹ̀.

Ààyò mi nínú ẹ̀yà wọn ni Bairdia ilaroensis, tí àwọn onímọ̀ Reyment àti Reyment sọ lórúkọ ní 1959 láti ara Ìláròó, ìlú Nàìjíríà tó wà ní òdìkejì bọ́dà wa níbí. Ẹ̀dá ìgbà Palaeocene ni, mílíọ̀nù ọdún 66 sí 56 sẹ́yìn, nígbà tí òkun bo ilẹ̀ yìí. Ìgbà yẹn náà ni òkúta ẹfun Onígbòlò àti ti Ewékorò.

Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀, kí ẹ wá bu amọ̀ rírọ̀ tó wà láàárín òkúta. Òkúta líle ò ní tú fún yín. Ẹ sá a kó gbẹ dáadáa, kí ẹ tó rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná pẹ̀lú sódà ìfọṣọ. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà sí i! Ẹfun ni awẹ́ wọn, yóò hó títí yóò fi tán.

Asẹ́ tí ojú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 0.063 ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, bí ẹni ń sẹ́ ògì, títí omi á fi mọ́. Kí ẹ tó fọ àpò mìíràn, ẹ ri asẹ́ náà sínú aró búlúù: hóró àná tó bá há síbẹ̀ yóò jáde ní búlúù, ẹ ó sì mọ̀ pé àlejò ni.

Lábẹ́ míkírósíkóòpù, búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín tí ẹ tẹ̀ bọ omi ni ẹ ó fi máa ṣa wọ́n sórí páálí dúdú. Ẹ pa fáànù. Fáànù ti gbé ìpele kan odindi lọ mọ́ mi lójú.

Awẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni kí ẹ wọ̀n, nítorí ti òsì Bairdia tóbi ju ti ọ̀tún lọ. Ẹ fi àmì gígùn àti gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí ìwé onílà. Àwọn àmì náà yóò kó jọ ní agbo-agbo. Agbo kan, ìpele kan. Gígùn sábà máa ń fẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 1.26 nígbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá bọ́ ìkarahun. Bí àgbà bá jẹ́ mìlímítà 1, ẹ máa wá 0.79, 0.63 àti 0.50. Bí àlàfo bá fẹ̀ jù, ìpele kan sọnù, ẹ padà sídìí páálí. Ṣùgbọ́n agbo méjì tó súnmọ́ra láàárín àwọn àgbà lè jẹ́ akọ àti abo. Ohun tí ẹ ó fi dá ọmọ mọ̀ yàtọ̀ sí àgbà ni pé awẹ́ ọmọ fẹ́lẹ́, ìdè ẹ̀yìn rẹ̀ ò sì lágbára bíi ti àgbà. Mo ti sọ ọmọ ilé kan di ẹ̀yà mẹ́ta rí. Olùkọ́ mi wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “O ti tú ẹbí ká.”

Ẹ wá kọ iye wọn níbi kọ̀ọ̀kan sórí àwòrán ilẹ̀. Níbi tí àgbà àti ọmọ oríṣiríṣi bá pọ̀ pọ̀, ilé wọn nìyẹn. Bó bá jẹ́ ìwọ̀n kan ṣoṣo, omi ló fẹ́ wọn bí ẹni ń fẹ́ àgbàdo. Òkun gidi ni Bairdia fẹ́. Nínú omi ọ̀sà tí iyọ̀ rẹ̀ ń yí padà, bíi ti Pọ́tò-Nófò, irú Cyprideis ni kí ẹ máa retí. Àwọn tó kéré jù kì í sábà kù, torí awẹ́ wọn fẹ́lẹ́ jù. Bí àwọn àárín náà kò bá sì sí, ẹ má tíì kọ “kò sí” sórí àwòrán. Ẹ kọ́kọ́ wo ojú asẹ́ yín.