Bí a ṣe fi omi sóbò wádìí ọ̀rọ̀ kán-ún

Ọmọ ọmọ mi ló dá a sílẹ̀. Mò ń se ẹ̀wà nílé wa ní Òṣogbo, mo fẹ́ ju kán-ún sínú ìkòkò, ló bá di ọwọ́ mi mú: "Ìyá àgbà, òkúta ni kán-ún. Báwo ni òkúta ṣe ń mú ẹ̀wà rọ̀?" Ọmọ ọdún 9 ni. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Mo ní kó kọ ọ́ sínú ìwé tuntun kan. Ẹ̀yin náà, ẹ ra ìwé kan fún ìbéèrè nìkan, kí ẹ kọ ìbéèrè náà bí ọmọ ṣe sọ ọ́ gan-an. Ẹ má bá a tún un ṣe. "Òkúta" tó pe kán-ún yìí wúlò fún wa nígbà tó yá.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹni tí nǹkan náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìlú aró ni Òṣogbo, aláró sì ni ìyá tó bí ìyá mi. Mo rántí pé omi lásán kò lè fa aró jáde lára ẹ̀lú, omi eérú ni wọ́n ń lò, omi eérú ọ̀hún sì máa ń yọ̀ lọ́wọ́ bí omi kán-ún ṣe ń yọ̀. Ni mo bá mú ọmọ náà, ó di ọ̀dọ̀ ìyá aláró kan tó ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ìyá mi àgbà.

"Àrẹdú o!" la fi wọlé. Ẹ mọ kíkí iṣẹ́ ẹni tí ẹ ń lọ bá, ẹ má sì lọ nígbà tó bá ń rẹ aṣọ lọ́wọ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni pé kí ló ń jẹ́ kí omi eérú ṣiṣẹ́. Ó ní bí àwọn ṣe bá a nìyẹn, ó sì dákẹ́. Mo wá yí ìbéèrè padà: "Ìyá, tí aró bá kọ̀ tí kò mú aṣọ, kí lẹ máa ń kọ́kọ́ wò?" Ọ̀rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Ó ní eérú lòun máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ó kán omi eérú sáàárín ìka méjì, ó ń fi wọ́n ra ara wọn, ó ní tí kò bá yọ̀ bí ọṣẹ, kò tíì tó. Ó ní eérú tí òjò bá ti pa kò wúlò mọ́. Ó ní eérú èèpo kókó le ju eérú igi lásán lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ dúdú náà fi ń wá a. Gbogbo èyí, ìdí kan ṣoṣo ló fi sọ wọ́n: mo bi í léèrè ohun tó máa ń bà á lọ́wọ́ jẹ́. Ọmọ mi ń kọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò tètè bá ọ̀rọ̀, ìyá náà sì ń dúró dè é.

Tíṣà kẹ́mísírì kan ní àdúgbò wa ló so ó pọ̀ fún wa. Ó ní ẹbí kan náà ni kán-ún àti omi eérú, álíkálì ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti ọtí kíkan wà lódìkejì, àwọn ni ásíìdì. Kán-ún ni iyọ̀ sódíọ̀mù tó máa ń ṣẹ́kù nígbà tí omi bá gbẹ lọ nílẹ̀ iyọ̀, bíi ti agbègbè Adágún Chad; inú eérú ni pọtásíọ̀mù wà. Ó ní ohun kan wà tó lẹ ara ẹ̀wà pọ̀ bí àtè, pẹ́kítíìnì lorúkọ rẹ̀, álíkálì ló sì máa ń tú u. Ó tún sọ fún wa pé lọ́dún 1664, Robert Boyle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé omi òdòdó kan máa ń pupa bí ohun kíkan bá kàn án, tí yóò sì dà bí ewé tútù bí omi eérú bá kàn án. A kò ní òdòdó yẹn ní Òṣogbo. Sóbò la ní.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é rèé. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ sóbò gbígbẹ kan, ẹ da ife omi gbígbóná méjì lé e lórí, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ má fi ṣúgà tàbí ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí i. Ẹ fi omi tútù là á títí ẹ ó fi máa rí ìka yín lódìkejì ife. Tó bá ki jù, ẹ kò ní rí i nígbà tí àwọ̀ bá yí. Ẹ pín in sí ife funfun márùn-ún. Ẹ má fọwọ́ kan ti àkọ́kọ́, òun lẹ ó máa fi wé àwọn yòókù. Ẹ kán ọsàn wẹ́wẹ́ sí èkejì, ẹ bu iyọ̀ ìsebẹ̀ sí ẹ̀kẹta, kán-ún lílọ̀ sí ẹ̀kẹrin, omi eérú tí ẹ ti sẹ́ sí ẹ̀karùn-ún. Àmọ́ kí ẹ tó kán ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀. Èmi ka èyí sí pàtàkì ju ìyókù lọ.

Tiwa kọ ọ́ pé iyọ̀ àti kán-ún yóò ṣe bákan náà, torí òkúta ni àwọn méjèèjì. Ọsàn mú kí sóbò pọ́n fòò. Iyọ̀ kò ṣe nǹkan kan. Kán-ún sọ ọ́ di àwọ̀ tó wà láàárín aró àti ewé, omi eérú náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà wo ife iyọ̀ títí, ó wá ní, "Kì í ṣe torí pé ó jẹ́ òkúta nìyẹn." Ẹ tún fún ọsàn sínú ife kán-ún: yóò hó yàà láìsí iná, pupa yóò sì padà wá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìyá aláró nípa eérú kókó. Ẹ wọn ṣíbí eérú èèpo kókó méjì àti ṣíbí eérú igi méjì, ẹ po ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ìdajì ife omi, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, kí ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ fi síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ máa kán an sínú sóbò níkọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa kà. Ẹ̀kán 4 ti eérú kókó ló yí tiwa padà, ti eérú igi gba 11. A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Nígbà tí a padà lọ sọ fún ìyá náà, ó ní, "Ṣebí mo sọ fún yín." Inú rẹ̀ dùn gan-an, ó sì ní kí ọmọ náà tún ka nọ́ńbà náà fún òun.

Ẹ̀wà kò ṣòro, sùúrù ló gbà. Ẹ wọn ẹ̀wà kan náà lẹ́ẹ̀mejì, omi kan náà, ìkòkò kan náà, iná kan náà, kí kán-ún díẹ̀ wà nínú ọ̀kan ṣoṣo. Láti ìgbà tó bá ti hó, ẹ máa yọ hóró kan ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kí ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́. Eléyìí tó ní kán-ún fi ìṣẹ́jú 25 ṣíwájú lọ́dọ̀ wa. Ẹ má tìtorí bẹ́ẹ̀ da kán-ún púpọ̀ sí oúnjẹ o: álíkálì máa ń ba fítámì B1 inú ẹ̀wà jẹ́, sódíọ̀mù rẹ̀ kò sì dára fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Láti ìgbà náà, mo máa ń rẹ ẹ̀wà mi mọ́jú ni.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ tọ́ omi eérú wò, bó bá ta sójú, omi tó mọ́ ni kí ẹ fi ṣàn án dáadáa. Ẹ má mú blíìṣì wá sídìí eré yìí rárá, torí bó bá pàdé ọsàn tàbí ọtí kíkan, afẹ́fẹ́ olóró ló ń mú jáde.

Ìbéèrè mìíràn ti wà nínú ìwé náà báyìí. Ọmọ náà rí i pé aṣọ kì í dúdú nígbà tó bá jáde nínú ìkòkò aró, àwọ̀ ewé tó ń pọ́n ló máa ń ní, ojú wa ló ti ń di aró. Ó kọ ọ́ pé: "Ṣé atẹ́gùn ló ń pa á láró?" Ìyá aláró ní ká wá lọ́jọ́ Sátidé, òun yóò fún wa ní àkísà kan. Bó bá ṣe ń yọ ọ́ la ó ti di ìdajì rẹ̀ sínú ọ̀rá kí atẹ́gùn má bàa kàn án, ká sì fi ìdajì yòókù sílẹ̀.