Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ìbòjú Ts'msyen
Ẹ má tíì mú ọ̀bẹ o. Lọ́dọ̀ àwọn Ts'msyen, ẹ̀yà ìbílẹ̀ kan létíkun British Columbia ní Kánádà, ìdílé ló ni àmì tí wọ́n ń gbẹ́ sára ìbòjú: kannakánná ńlá, idì, ìkookò, orca (ẹran ńlá inú òkun, aláwọ̀ dúdú àti funfun), ọ̀dọ̀ ìyá sì ni wọ́n ti ń jogún ẹ̀, èyí tí kì í bá ṣe tiyín ẹ má gbẹ́ ẹ.

Ẹ wá igi alder tútù, ẹ fi pẹ́ńsùlù fàlà sí àárín gbùngbùn kójú méjèèjì lè dọ́gba, ẹ wá fi àáké kékeré lé e, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gé ìrísí ẹ̀ jáde, bí àwọn agbẹ́gilére tiwa náà ṣe ń ṣe ọ̀nà lílé, kẹ́ ẹ tó mú ọ̀bẹ tẹ́nu ẹ̀ ká. Tó bá dalẹ́ ẹ wé e sínú náílọ́ọ̀nù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ẹ máa bá a tó ti là gba imú. Tó bá kan ọ̀dà, ìlà dúdú ńlá ló ń ṣáájú, pupa tẹ̀lé e.