Bá a ṣe gba ajá greyhound sílé ní Lọ́ńdọ̀nù

Husky làwọn ọmọ mi fẹ́, torí ojú ẹ̀ tó mọ́ róró yẹn. Mo ní ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù jàre, ajá tí wọ́n fi ń fa ẹrù lórí yìnyín, ká wá lọ tì í mọ́ fláàtì oníyàrá méjì, á kàn máa hu ni, á sì máa ya àga. Ilé ara ẹni ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò, ta ló máa wà nílé lọ́sàn-án, ta ló máa mú un jáde tí òjò bá ń rọ̀ láàárọ̀, kó tó wá kan ti ẹwà.

Bá a ṣe wò ó títí, greyhound tó ti fẹ̀yìn tì nídìí eré ìje ló bá wa mu. Àwọn èèyàn á ní ajá tó lè sáré kọjá kìlómítà 60 ní wákàtí kan, ṣé inú fláàtì ló máa gbé? Bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń sùn jù! Eré kúkúrú ni tiẹ̀, tó bá ti rìn bí ìṣẹ́jú 20 láàárọ̀, 20 nírọ̀lẹ́, orí àga ló kù.

Battersea, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ajá tí kò nílé tó ti wà láti 1860, lọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀, àmọ́ àwọn ibì kan wà tó jẹ́ greyhound nìkan ni wọ́n ń tọ́jú, ibẹ̀ la lọ. A kọ fọ́ọ̀mù, lanlọ́ọ̀dù fún wa ní lẹ́tà, wọ́n wá yẹ ilé wò, wọ́n wo fẹ́ǹsì ẹ̀yìnkùlé dáadáa, wọ́n bi wá bóyá a ní ológbò, torí àwọn kan nínú ajá yìí, ohun kékeré tó bá ti ń sáré, ẹran ọdẹ ni lójú wọn. Mo fẹ́ràn báyẹn gan-an, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ajá yẹn máa gbádùn lọ́dọ̀ wa ni. Wọ́n mú abo kan tí ara ẹ̀ ní abilà wá, kò gbó, ó kàn fara ti itan mi. Ó tán. Tanímọ̀la la sọ ọ́.

Inú àgọ́ ajá ló dàgbà sí, kò mọ àtẹ̀gùn, kò mọ̀ pé gíláàsì wà lára ilẹ̀kùn, a lẹ bébà mọ́ ọn kó má baà forí gbá a, a sì ń gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sórí àtẹ̀gùn, ọkọ mi níwájú, èmi lẹ́yìn. Ó máa ń lajú sùn, torí náà àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ pe orúkọ ẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ẹ má sì fún ajá lọ́bẹ̀ o, àlùbọ́sà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́, ṣokoléètì àti èso àjàrà náà léwu, eegun adìyẹ tá a ti sè lè fa ìfun ya. Màámi n'Íbàdàn ò gbà pé ajá ò gbọdọ̀ jẹ eegun, mo ṣàlàyé títí fún wọn lórí fóònù.

Láti 2016 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí ajá ní máíkróṣíìpù lára, ìyẹn ohun kékeré tó ní nọ́ńbà tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ ẹ̀ kí wọ́n lè mọ ẹni tó ni ín, àwọn tó fún wa ló ti ṣe é, wọ́n kàn yí orúkọ ẹni tó ni ín padà sí tiwa ni. Okùn ò sì ń kúrò lọ́wọ́ mi tá a bá wà níta, torí tó bá fojú kan ọ̀kẹ́rẹ́ báyìí, kẹ́ ẹ tó pè é ó ti dé òpin páàkì.