Igun Ọmọdé Lọ́jọ́ Ọdún Iṣẹ́ Ọnà: Bí Mo Ṣe Ń Ṣe É Ní Ọ̀yọ́

Ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n mójú tó igun àwọn ọmọdé nígbà ọdún iṣẹ́ ọnà àdúgbò wa, ilé rọ́bà tí wọ́n máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí ni mo lọ háyà, èyí tí àwọn ọmọ ń fò lórí rẹ̀. Mo háyà jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn. Mo tún wá ẹnì kan tó gbé agọ̀ ẹranko kátúùnù wọ̀. Kó tó di aago méjì ọ̀sán, epo jẹnẹrétọ̀ tán, ilé rọ́bà rọ̀ wọ̀ọ̀ lé ọmọ mẹ́ta lórí. Ooru mú ẹranko kátúùnù, ó ṣí orí rẹ̀, ọmọ kékeré kan rí i pé orí èèyàn ló wà lábẹ́ orí ẹranko, ló bá figbe ta. Gbogbo ìgbà tí èyí ń ṣẹlẹ̀, àwọn afíngbá méjì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò nítòsí wa láti àárọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo kò yà lọ́dọ̀ wọn.

Ojú tì mí. Ọdún 33 ni mo fi kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ pámárì kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ̀ dájú pé ìran kì í pẹ́ sú ọmọdé. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá rí nǹkan ṣe, ẹ ó pè é wá jẹun títí, kò ní dáhùn. Mo tún gbogbo rẹ̀ tò láti ọdún kejì. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe tirẹ̀ mú èyí tó bá wúlò fún un.

Ibòji ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé Kérésì ni ọdún tiwa máa ń bọ́ sí, nígbà tí àwọn ará Èkó àti ará Ìbàdàn bá ti kó ọmọ wálé. Oyẹ́ á máa jà láàárọ̀, oòrùn ọ̀sán á sì mú bí iná. Abẹ́ igi tutù ju abẹ́ kánópì lọ. Kí ibẹ̀ jìnnà sí sípíkà: bí ẹ bá ní láti pariwo kí ẹni tó fẹ̀gbẹ́ kàn yín tó gbọ́, ẹ kó ẹrù yín, ẹ tún sún síwájú. Ẹní ni kí ẹ tẹ́, ẹ má to àga. Mo ti ṣàkíyèsí pé òbí tó bá rí àga, ńṣe ló máa jókòó gẹlẹtẹ, á fa fóònù yọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ orí ẹní ni ọmọ rẹ̀ wà, òun náà á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ.

Iṣẹ́ mẹ́rin péré ti tó fún ọjọ́ kan. Mo ti ṣe mẹ́sàn-án rí, àwọn ọmọ kàn ń sáré láti ibì kan dé ibì kejì ni, wọn ò parí ìkankan.

Igbá ni àkọ́kọ́, torí Ọ̀yọ́ ni a wà. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ fún ló máa ń ní kí n ra odidi igbá fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má dán an wò. Odidi igbá wọ́n, ó sì ń yí kiri lọ́wọ́ ọmọ, bí ọ̀bẹ bá yọ̀ lára rẹ̀, ìka ló máa bá. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún kejì yẹn: àtàǹpàkò ọmọkùnrin kan gba ọgbẹ́, ìyá rẹ̀ kò sì kí mi dáadáa títí di òní. Àfọ́kù igbá ni kí ẹ lò. Kò sí afíngbá tí kò ní òkìtì rẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù: èyí tó sán nígbà tí wọ́n ń sá a, èyí tó là mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo gbé àpò ìrẹsì kan lọ, wọ́n kún un fún mi, owó ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni mo fi sílẹ̀. Bàbá tó ń kó o fún mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá Tíṣà, kí lẹ fẹ́ fi pàǹkàrà ṣe?" Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni igbá lẹ ń pè é ní pàǹkàrà, ẹ ò mọ̀ pé wọ́n á fi kólẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Bó bá ku ọ̀la, ẹ rẹ àwọn àfọ́kù náà sómi mọ́jú. Láàárọ̀, ẹ fi etí ṣíbí ha ohun tó kù nínú wọn, kí ẹ sì fi sáńpépà ra etí wọn tó mú. Kí àgbàlagbà fi ìṣó gbígbóná lu ihò kan sí orí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ la ó ti so okùn. Ó tán.

Nígbà tí ọmọ bá dé, ẹ fún un ní pẹ́ńsùlù kó fi ya ohun tó wù ú. Alángbá ló máa ń pọ̀ jù, n kò mọ ìdí. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní ìṣó tí ẹ ti fi àkísà wé lórí, kó má baà dun ọwọ́ rẹ̀, kó máa fi tọ ìlà tó yà. Kò ní láti jìn. Awọ igbá ló pọ́n rúsúrúsú, abẹ́ rẹ̀ funfun. Bí ìṣó bá ti kan funfun, ó tó. Bó bá parí, ẹ da èédú tí ẹ ti lọ̀ kúnná pọ̀ mọ́ àdí díẹ̀, kó fi àtàǹpàkò pa á mọ́ gbogbo ojú igbá náà. Ìgbà yìí ni ojú ọmọ máa ń fà ro, torí gbogbo rẹ̀ á dú, a ó rò pé iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ẹ wá na àkísà tó mọ́ tónítóní sí i, kó nù ún. Èédú á kúrò lára awọ, á kù sínú ìlà nìkan, alángbá á sì yọ jáde dúdú kirikiri pẹ̀lú ìrù rẹ̀. Mo ti rí ọmọ tó fọwọ́ bo ẹnu.

Àwọn kan ní epo pupa náà ṣeé lò. Ó ṣeé lò, ṣùgbọ́n ìlà rẹ̀ á pọ́n, kò ní dú dáadáa. Àdí ń rùn, mo gbà, àwọn ìyá tó ti Èkó dé á yínmú. Ohun tó ṣe pàtàkì ni aṣọ: ẹ kìlọ̀ fún wọn pé èédú àti aṣọ Kérésì kò jọ ń gbé. Èmi máa ń kó ògbólógbòó ṣẹ́ẹ̀tì bàbá àwọn ọmọ mi wá, mo ti gé apá wọn, ọmọ kọ̀ọ̀kan á gbé ọ̀kan wọ̀. Àwọn tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kò lè lo ìṣó. Ẹ fún wọn ní báṣíà omi kí wọ́n máa fọ àfọ́kù fún àwọn ẹ̀gbọ́n wọn. Kò sí ọmọ tí kò fẹ́ràn omi.

Ẹ jẹ́ kí afíngbá gidi jókòó láàárín wọn, kó máa fín igbá tirẹ̀. Ẹ má fún un ní máíìkì kó máa ṣàlàyé. Ọmọbìnrin kan dúró tì í lọ́dún kan, ó rí i pé ọ̀bẹ ń rìn lára igbá láìsí ìlà pẹ́ńsùlù kankan. Ó ní, "Bàbá, ta ló bá yín yà á?" Bàbá kò gbójú sókè. Ó ní, "Ọwọ́." Kí ẹ sì sanwó fún un o! Gbólóhùn yẹn pé "a ó polówó ọjà yín", ẹ fi sílẹ̀. Ọjọ́ kan ni ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń fi ìpolówó ra gààrí.

Ìlù ló tẹ̀ lé e. Ẹ má pe gbogbo ọ̀wọ́ dùndún. Ìyá ìlù pẹ̀lú ṣaworo rẹ̀ á bo ohùn ọmọ mọ́lẹ̀. Onílù kan pẹ̀lú gángan ti tó. Lẹ́nu ọ̀nà, ẹ kọ oríkì ọmọ kọ̀ọ̀kan sórí bébà kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn láyà. Níbí ni ẹ ó ti rí nǹkan: ìdajì wọn kò mọ oríkì wọn, àwọn òbí náà á máa wo ara wọn lójú. Bàbá kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, ó ń pe ìyá rẹ̀ tó wà nílùú Àwẹ̀ lórí fóònù: "Màmá, kí lẹ máa ń pe ọmọ yìí gan-an?" Mo gbọ́ bí ìyá àgbà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kì í lórí fóònù, bàbá náà dúró, kò lè gé e.

Bí wọ́n bá ti jókòó, kí onílù lu dò dò mí. Ẹ ní kí ẹni tí ìlù pè dìde. Àlàbí á dìde. Ṣùgbọ́n Àkàndé náà á dìde, Àjàní á dìde, Àdìsá, Àyìndé, Àrẹ̀mú, gbogbo wọn. Àdùkẹ́ á dìde pẹ̀lú Àbẹ̀kẹ́ àti Àṣàkẹ́. Àwọn tó kù nílẹ̀ kò ju Àjíkẹ́ àti Àníkẹ́ lọ, torí dò mí mí ni tiwọn. Ariwo á sọ! Olúkúlùkù á ní òun ni wọ́n pè. Ẹ má ṣàlàyé, ẹ jẹ́ kí wọ́n jà á fúnra wọn. Láìpẹ́, ọ̀kan nínú wọn á pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́, á pe ti ẹnìkejì, á ní, "Ìyá, bákan náà ni wọ́n ń dún." Òótọ́ ni: ìlù kì í pe lẹ́tà, ohùn ló ń pè. Ìdí nìyẹn tí onílù fi ń gùn ún, tó ń fi oríkì orílẹ̀ kún orúkọ. Bó bá wá dárúkọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí mọ́ ọn, àwọn tí kì í ṣe ará ibẹ̀ á jókòó, á ku mẹ́ta, á ku méjì. Ẹni tó bá kù á wú bí ọba.

Lẹ́yìn eré yìí ni kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ìlù. Gángan ló bá abíyá ọmọdé mu. Kí onílù di kọ̀ǹgọ́ mú, kí ọmọ máa fún ọsán: bó bá fún un, ohùn á lọ sókè, bó bá dẹ̀ ẹ́, á wálẹ̀. Ẹ gbé igbá kan síwájú onílù fún owó. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa ná owó lé e lórí. Òfin báńkì àpapọ̀ ti ọdún 2007 kò fàyè gbà á, àti pé bí owó bá ti ń já bọ́, àwọn ọmọ á pa ìlù tì, wọ́n á máa sáré ṣa owó.

Ayò kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sí ọpọ́n, ẹ gbẹ́ ihò sílẹ̀, ẹ ṣa òkúta. Kí bàbá àgbà ta pẹ̀lú ọmọ. Ìṣòro rẹ̀ kan ni pé láàárín wákàtí kan, àwọn bàbá méjì á ti gba ọpọ́n náà, ọ̀ta tó mọ ayò ta àti ọ̀pẹ tí kò mọ̀ ọ́n ta á máa bú ara wọn, ọmọ á sì dúró lẹ́yìn. Ẹ yan ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú kó máa lé wọn. Kí ẹ ṣọ́ àwọn ìkókó tó ń rá, torí ẹnu ni wọ́n ń kó ọmọ ayò sí.

Àlọ́ ni ti ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀ tí àwọn eléré kò tíì dé. Ìyá àgbà kan, láìsí máíìkì. "Ààlọ́ o!" "Ààlọ̀!" Àpamọ̀ ni kó fi bẹ̀rẹ̀: "Awẹ́ obì kan, à-jẹ-d'Ọ́yọ̀ọ́." Ẹnì kan á ní ṣíńgọ́ọ̀mù, ẹnì kan á ní bisikíìtì. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ahọ́n ni, gbogbo wọn á yọ ọ́ síta láti wò ó. Kí ẹ wá ní kí àwọn náà pa tiwọn. Ọmọ ọdún méje kan pa èyí: "Ó wà lápò bàbá mi, iná ló ń jẹ, bí kò bá jẹun, kì í sọ̀rọ̀." Fóònù ni.

Bí eégún onídán bá wà lára ètò, ẹ má ti ọmọ tó ń sá síwájú. Ẹ má sì fi eégún dẹ́rù bà á pé "bí o ò bá dákẹ́, màá ní kó gbé ọ lọ". Ẹ̀yìn ni kí ẹ jókòó sí, níbi tí ẹ ti lè tètè kúrò. Àwọn òbí kan kò fẹ́ rí i rárá nítorí ẹ̀sìn wọn. Ẹ sọ àkókò rẹ̀ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má bá wọn jiyàn.

Omi mímu, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́, ẹni tó ń din àkàrà, ẹni tó ń ta wàrà. Ẹ̀yin náà mọ ìyẹn.

Ọmọ sísọnù ni mi ò lè fò. Ẹ ya aṣọ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ kọ nọ́ńbà òbí sí i, ẹ so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ ọmọ, kí ojú tí ẹ kọ nǹkan sí kọjú sí ara rẹ̀ kí àjèjì má lè kà á. Ọmọ ọmọ mi sọnù mọ́ mi lọ́wọ́ rí, wákàtí kan gbáko, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́. Ẹ̀yìn onígúdúgúdú la ti bá a, ó jókòó sílẹ̀, ó ń fi igi lu bàtà ara rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ kó ọmọ wá sí ọdún Ṣàngó wa lóṣù kẹjọ, èyí tí àjọ UNESCO kọ mọ́ àwọn ogún àṣà aráyé lọ́dún 2023, kó tún so méjì mọ́ ọn, torí èrò ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ẹ ta okùn láti igi kan sí ìkejì, kí ẹ so gbogbo àfọ́kù tí wọ́n ti fín mọ́ ọn. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á tú tirẹ̀ bó bá ń lọ sílé. Àwọn kan á gbàgbé. Ẹ má da ìyẹn nù. Méje ló kù sí mi lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá, mo kó wọn sínú àpò ìrẹsì. Lóṣù kejì, mo ń ṣa ẹ̀wà níwájú ilé, ọmọbìnrin kan tí n kò mọ̀ dúró níwájú mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán, mà. Mo wá gba alángbá mi."