Bí ẹ ṣe lè di onígìtá tí olórin kan ò ní fẹ́ fi sílẹ̀

Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ onígìtá ilẹ̀ Òkun, ní Ìpínlẹ̀ Kogi, ti kọ́ iṣẹ́, ní Kabba, ní Mọ̀pà, ní Ìsánlú àti ní Ẹ̀gbẹ̀. Ọwọ́ wọn yá, etí wọn là. Ṣùgbọ́n tí olórin kan bá ń wá ẹni tí yóò máa bá òun lọ sóde ìsìnkú, ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìlú fún ogún ọdún, ẹni tó ń jẹ́ kí ohùn òun dùn ló máa mú, kódà bí ọwọ́ ẹlòmíì bá yá jù ú lọ. Iṣẹ́ yẹn la fẹ́ ṣàlàyé níbí: líìdì gìtá lẹ́yìn olórin kan ṣoṣo.

Ẹni tó yẹ kí ẹ fi ṣe àwòkọ́ṣe ni Mike Campbell, onígìtá ọmọ Florida ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n bí ní 1950. Òun àti olórin Tom Petty ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ Mudcrutch ní ìlú Gainesville kí wọ́n tó dá Heartbreakers sílẹ̀ ní 1976, wọn ò sì pínyà títí Petty fi kú ní oṣù kẹwàá 2017. Ẹ tẹ́tí sí iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Sólò rẹ̀ kì í gùn, ẹ lè fẹnu kọ ọ́ látòkèdélẹ̀. Bí Petty bá ń kọrin, gìtá á fà sẹ́yìn. Bí Petty bá dákẹ́ mí, gìtá á dáhùn.

Bí ẹ ṣe máa kọ́ èyí nìyí. Ẹ gba ohùn olórin yín sórí fóònù, orin mẹ́ta tó ń kọ jù. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ orin náà sílẹ̀, kí ẹ fa ìlà sí gbogbo ibi tó ti ń mí. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má ta nǹkan kan nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wà lẹ́nu rẹ̀; inú àlàfo yẹn nìkan ni kí ẹ wọ̀, kó má sì ju nọ́ọ̀tì mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé ìdáhùn onígìtá máa ń gun orí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ohun tó fà á ni pé ó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, kò sì fẹ́ gé e. Bí àlàfo bá jẹ́ ìlù mẹ́rin, ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí ìkíní, kí ẹ sì ti dákẹ́ kí ìkẹrin tó dún.

Ibi tí ẹ ti ń ta á lórí ọrùn gìtá náà ṣe pàtàkì. Ohùn ọkùnrin sábà máa ń wà ní agbègbè okùn kẹta àti ìkẹrin. Bí gìtá bá jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, àwọn méjèèjì á máa bo ara wọn mọ́lẹ̀, ẹnjinía sáúǹdì á sì máa gbé ohùn sókè títí spíkà á fi máa hu. Ẹ bọ́ sí okùn kìíní, èyí tó tín-ín-rín jù, láti fírẹ́tì (irin tó dábùú ọrùn gìtá) karùn-ún lọ sókè. Bó bá jẹ́ obìnrin ni ọ̀gá yín, ẹ ṣe òdì kejì: okùn ìkẹrin àti ìkarùn-ún, nísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kíì, ìyẹn ohùn tí orin dúró lé, wá ńkọ́? Àwọn olórin wa kì í dárúkọ kíì kí wọ́n tó gbé orin. Ẹ yí fólúùmù gìtá wálẹ̀ sí 2, kí ẹ fi ìka yọ́ rìn lórí okùn kẹfà títí ẹ ó fi bá ibi tí ìlà orin náà ti ń délé. Dò nìyẹn, lọ́pọ̀ ìgbà. Fà wà ní fírẹ́tì kan náà lórí okùn karùn-ún. Sò wà ní fírẹ́tì méjì lókè fà yẹn. Fún là, kọ́ọ̀dù mínọ̀ tó ń sunkún, ẹ padà sí okùn kẹfà, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ fírẹ́tì mẹ́ta sí dò. Ẹni tó bá ti kọrin nínú kúáyà tónìkì-sọ́fà rí kò ní í lò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ọwọ́ oníkíbọ́ọ̀dù láti mọ kíì. Púpọ̀ nínú wọn máa ń tẹ bọ́tìnì transpose: ọwọ́ wọn wà ní C, ohun tó ń jáde ní spíkà sì jẹ́ E. Etí ni kí ẹ lò. Àwọn mìíràn fẹ́ràn F# nítorí bọ́tìnì dúdú, èyí tó máa ń há onígìtá lọ́wọ́. Ẹ fi kápò, ohun tó ń di gbogbo okùn mọ́ ọrùn gìtá, sí fírẹ́tì kejì, kí ẹ ta kọ́ọ̀dù E. Bó bá jẹ́ A♭, kápò sí ìkíní, ẹ ta G. B♭, kápò sí ìkẹta, ẹ ta G bákan náà. Kápò tó bá fún jù máa ń fa okùn sókè, nítorí náà ẹ tún un tún lẹ́yìn tí ẹ bá dè é. Ẹ ní ìwé kékeré kan tí ẹ kọ kíì gbogbo orin ọ̀gá yín sí, kí ẹ kọ ti òwúrọ̀ àti ti òru lọ́tọ̀, torí pé lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin lóde, ohùn máa ń fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní ààbọ̀ tàbí odindi ìgbésẹ̀ kan.

Òde wa ní ìṣe tirẹ̀. Orin kan lè gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nígbà tí àwọn èèyàn bá ń náwó. Bí olórin bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹnì kan, ẹ yí fólúùmù láti 8 wá sí 4 lójú ẹsẹ̀, kí orúkọ náà lè dún ketekete. Orúkọ tí gìtá bá bò, ẹni tó ni ín ò ní í dìde. Ẹ dúró síbi tí ẹ ti ń rí ẹ̀gbẹ́ ẹnu olórin àti ẹsẹ̀ onídúrọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ti gìtá fúnra rẹ̀, okùn tí ìwọ̀n sísanra rẹ̀ jẹ́ 10 sí 46 ló bá iṣẹ́ yìí mu. Ẹ wé e lára ìdè rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́ta, ẹ fi ọwọ́ fà á díẹ̀díẹ̀, ẹ tún un, ẹ tún fà á, títí kò fi ní í sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ máa ti gbé e bọ̀ sókè nígbà tí ẹ bá ń tún un. Bó bá kọjá, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kọjá ibẹ̀ kí ẹ tó gbé e padà. Òógùn ló ń jẹ ẹ́ dípẹtà, ẹ nù ún kí ẹ tó ti àpótí.

Àsìkò ọyẹ́ le fún igi. Ọrùn gìtá máa ń gbẹ, á nà tàbí kó tẹ̀ sẹ́yìn, okùn á máa ta fírẹ́tì, orí fírẹ́tì á sì máa gé ọwọ́. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí: ẹ tẹ okùn kẹfà mọ́ fírẹ́tì kìíní, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ọrùn ti pàdé ara gìtá. Ẹ ki àjẹkù okùn 10 bọ abẹ́ rẹ̀ ní fírẹ́tì keje. Ó yẹ kó wọlé láì gbé okùn kẹfà sókè. Bí kò bá sí àyè rárá, ẹ dẹ irin inú ọrùn ní ìdámẹ́rin ìyípo. Bí àyè bá pọ̀ jù, bó ṣe máa ń rí lásìkò òjò, ẹ fún un ní ìwọ̀n kan náà. Ìdámẹ́rin kan lóòjọ́, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: igi ò lè tẹ̀ lé irin kíákíá, ẹni tó bá kánjú á fọ́ ọn. Kàn-ìn-kàn-ìn tútù tí ẹ ti fún dáadáa, nínú àpótí ọṣẹ tí ẹ lu ihò sí, máa ń dáàbò bò ó nínú báàgì. Ẹ má fi gìtá sí búùtù ọkọ̀ nínú oòrùn láé.

Iná ló ń ba ohun èlò jẹ́ jù. Ẹ má so ánpù mọ́ jẹnẹrétọ̀ kí ẹ̀rọ náà tó balẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tún epo rọ tàbí pa á nígbà tí ánpù wà ní títàn. Ẹ fi sítébiláísà sáàárín. Ẹ so ánpù gìtá àti míkísà gbohùngbohùn mọ́ ẹ̀ka iná kan náà. Bí ti gìtá bá wá láti ibì kan, tí ti gbohùngbohùn wá láti ibòmíì, ẹni tó di okùn gìtá mú tí ètè rẹ̀ kan gbohùngbohùn lè di ẹni tí iná gbé. Ẹsẹ̀ kẹta orí púlọ́ọ̀gì tí àwọn kan máa ń gé dànù, òun gan-an ló ń gba ẹ̀mí là. Bí gìtá bá ń kùn, ẹ yí ara yín padà kúrò níwájú tiransifọ́mà, ẹ ó gbọ́ ibi tí kíkùn náà ti máa dínkù.

Pẹ́dàlì ò nílò kó pọ̀. Túnà tí ẹ ó fi máa tún okùn, ọ̀kan tó ń mú ohùn gan, àti díléè tó ń dá ohùn padà. Ẹ ṣírò díléè: 60,000 pín sí iye ìlù nínú ìṣẹ́jú kan. Ní ìlù 120, ó jẹ́ 500 mílísẹ́kọ́ńdì. Mick Ronson, ọmọ Hull ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ta gìtá fún olórin David Bowie láti 1970 sí 1973, máa ń fi pẹ́dàlì wáwá, èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà, sí ìdajì kó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀, kí gìtá lè ní imú láàárín ohùn àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Òun náà ló ń kọ ohun tí àwọn onígòjé máa ta sílẹ̀ fún wọn.

Kíkọ orin, yàtọ̀ sí títa gìtá, ló ń mú kí èèyàn pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Campbell máa ń gba orin tí kò ní ọ̀rọ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì nílé, á kó o fún Petty, Petty á mú èyí tó bá fẹ́, á kọ ọ̀rọ̀ sí i. Ọ̀kan tí Petty ò mú bọ́ sọ́wọ́ olórin Don Henley ní 1984, ó sì di orin ńlá. Ẹ máa fi fóònù gba tiyín, ìṣẹ́jú kan péré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ pe kíì àti ìyára rẹ̀ síbẹ̀rẹ̀. Kí orin tó jáde, ẹ jókòó pẹ̀lú ọ̀gá yín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìpín ta ni ọ̀rọ̀, ìpín ta ni ohùn orin, kí ẹ fọwọ́ sí i. Owó òde yàtọ̀ sí owó orin tí ẹ jọ kọ. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ máa ń bínú kúrò nínú ẹgbẹ́ láàárín ọdún mẹ́ta.

Ẹ bi ọ̀gá yín léèrè kí ẹ tó gba iṣẹ́ síta. Demola Adepoju tó ń ta gìtá Hawaii fún King Sunny Adé bá Paul Simon, olórin Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́ lórí àwo tó jáde ní 1986. Campbell ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, The Dirty Knobs. Nígbà tí Petty kú, ó bá ẹgbẹ́ Fleetwood Mac lọ ní 2018, The Dirty Knobs sì gbé àwo àkọ́kọ́ wọn jáde ní 2020, òun fúnra rẹ̀ ló ń kọrin. Nítorí náà, ẹ ya alẹ́ kan sọ́tọ̀ lóṣù, tí ọ̀gá mọ̀ sí, tí kò sí òde, kí ẹ máa fi ta orin tiyín, kí ẹ sì máa kọ ọ́ lẹ́nu.